Baba Ńlá Tó Jẹ́ Ẹlẹ́ṣin: Bí A Ṣe Ń Tọpa Ìtàn Rẹ̀ ní Kétu, Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́

Ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn jókòó pẹ́ ti àgbàlagbà ìdílé kan ní Kétu, ní Ṣábẹ tàbí ní Àjàṣẹ́ tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, kó má gbọ́ pé baba ńlá kan wà tó jẹ́ ẹlẹ́ṣin, tó sì bá ẹṣin lọ sójú ogun. Àwọn ọmọ ìdílé a máa fi ọ̀rọ̀ náà yangàn, àwọn tó mọ ìwé nínú wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá orúkọ rẹ̀ láàrin àwọn ọmọ ogun Faransé, wọn a wá a títí, wọn kò ní rí i, wọn a wá gbà pé yálà ìwé ti sọnù tàbí àgbàlagbà náà ń fi ìdílé ṣe fújà. Nínú èyí tó pọ̀ jù lára irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ tí mo ti bá àwọn ènìyàn dá sí, ìwé kò sọnù, àgbàlagbà kò sì purọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, “ẹlẹ́ṣin”, ló ń ru iṣẹ́ oríṣiríṣi tó jìnnà síra wọn ní ọgọ́rùn-ún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ọmọ sì ń wá ẹni tó jagun fún Aláàfin nínú àpótí ìwé Faransé.

Nítorí náà, ìgbà ni kí a kọ́kọ́ wá, kí a tó wá ẹṣin. Bí a bá ti mọ ìgbà tí baba náà gbé ayé, iye nǹkan tí “ẹlẹ́ṣin” lè túmọ̀ sí yóò dín kù lójú ẹsẹ̀, a ó sì mọ irú ẹ̀rí tó yẹ kí a máa retí. Àmọ́ kì í ṣe ọdún ni a ń bi àgbàlagbà. Ẹni tó bá bi ìyá àgbà léèrè pé, “Ọdún wo ni wọ́n bí bàbá?” yóò gbọ́ pé òun kò mọ̀, ìdáhùn òtítọ́ sì nìyẹn. Ẹ bi í léèrè bóyá baba náà ti bímọ kí Kétu tó fọ́. Ọdún 1886 ni ogun Dàhòmì lábẹ́ Glèlè fọ́ Kétu tí wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí Àgbómì, olú ìlú Dàhòmì, ọdún 1894 sì ni àwọn tó ṣẹ́kù padà wá tún ìlú dó. Kò sí ìdílé Kétu kan tí kò mọ ẹni tí wọ́n kó lọ, ẹni tó sá lọ, àti ẹni tí wọ́n bí sí ìgbèkùn. Ní Ṣábẹ, ẹ béèrè bóyá baba náà ti dàgbà kí ọkọ̀ ojú irin tó ti Kútọnu wá tó dé ìlú, nítorí ọkọ̀ náà ti dé kí ogun 1914 tó bẹ̀rẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, ẹ béèrè bóyá ayé Ọba Tòfà, tó jọba láti 1874 títí di 1908, ló bá a. Lẹ́yìn náà kí ẹ ka ìran sẹ́yìn, kí ẹ fi nǹkan bíi ọdún 25 sí 30 sí àárín ìran kan àti èkejì. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o, nítorí “bàbá” ni a ń pe gbogbo ẹni tó ṣáájú wa. Ẹ béèrè ní tààrà: “Ṣé òun ló bí bàbá tó bí yín, àbí ẹlòmíràn tún wà láàrin wọn?” Mo ti rí ibi tí ìran méjì ti sọnù lójijì nítorí pé ẹnikẹ́ni kò béèrè ìbéèrè yìí.

Bí kíkà yín bá gbé baba náà lọ ṣáájú ọdún 1830 tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀, ayé Ọ̀yọ́ ni ẹ dé yẹn. Àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin ni agbára Ọ̀yọ́ dúró lé. Láti apá òkè ọya ni wọ́n ti ń ra ẹṣin, nítorí pé àrùn tí eṣinṣin ń kó ran ẹṣin kì í jẹ́ kó pẹ́ láyé bó bá dé ilẹ̀ igbó. Àmọ́ igbó ńlá já ní ìhà ibi tí Bẹ̀nẹ̀ wà lónìí, pápá ọ̀dàn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí òkun níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹṣin Ọ̀yọ́ fi lè sọ̀ kalẹ̀ wá bá Dàhòmì jà ní 1726 àti ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, títí tí Dàhòmì fi gbà láti máa san ìṣákọ́lẹ̀, èyí tí wọn kò bọ́ nínú rẹ̀ títí di ayé Gẹ́zò ọba Dàhòmì, ní nǹkan bíi 1823. Àjàṣẹ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ èbúté tí òwò Ọ̀yọ́ ń gbà dé òkun. Nítorí náà, kì í ṣe àlá pé kí ìdílé kan ní ìhà yìí ti ara ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò fún ọmọ ogun Ọ̀yọ́ ní nọ́ńbà, ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Oríkì orílẹ̀, ilà ojú, èèwọ̀ ìdílé, ibi tí wọ́n ń gbé òkú baálé kọjú sí, àti ohun tó bá ṣẹ́kù nínú àkòdì, bí ìjánu tàbí irin gàárì, ni ìwé tirẹ̀.

Kí a má sì ṣe fi oríkì nìkan dájọ́. Ìdílé tó bá ń kì ara rẹ̀ ní oríkì Ìkòyí ń sọ orílẹ̀ tó ti wá, kò tíì sọ iṣẹ́ tí baba kan pàtó ṣe. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n yí Aláàfin ká, tí Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò jẹ́ olórí fún, jẹ́ 70 péré, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń sọ pé Ẹ̀ṣọ́ kì í gba ọfà lẹ́yìn pọ̀ ju 70 lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Oyè tún wà láàfin tí orúkọ ẹṣin wà nínú rẹ̀, irú bí Olókùn-Ẹṣin, tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn lọ́dọ̀ ọba kì í ṣe ti ọmọ ogun tó wà lójú ìjà.

Ohun kan wà tó máa ń ṣi àwọn ọ̀dọ́ lọ́nà jù, pàápàá àwọn tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Bí òrìṣà bá gun ènìyàn, ẹni náà di ẹlẹ́gùn, àwọn ilé kan a sì máa pè é ní ẹṣin òrìṣà, nítorí pé òrìṣà ló jókòó lé e lórí. Bí ìdílé kan bá ní ojúbọ Ṣàngó, tí oríkì baba ńlá wọn sì ń dárúkọ ẹṣin léraléra láì dárúkọ ogun, ìlú tàbí ọ̀tá kan, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi àwọn olórìṣà ilé léèrè kí wọ́n tó lọ sí ilé ìpamọ́ ìwé. Ó lè jẹ́ pé baba náà kò gun ẹṣin rí láyé rẹ̀, tó jẹ́ pé òun gan-an ni ẹṣin. Ìyẹn kò dín iyì rẹ̀ kù.

Ti Ṣábẹ yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ Ìbàrìbá wà nítòsí rẹ̀. Ìdílé ọba Ṣábẹ ń tọpa ara rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Baba Gidai, tó wá láti ìhà Bọ̀rọ̀gú, ilẹ̀ àwọn Ìbàrìbá yìí. Ní Bọ̀rọ̀gú, àwọn Wasangari ni ìdílé olóyè, orí ẹṣin ni wọ́n sì ti ń jagun, títí di òní ni ẹṣin ṣì ń jó ní Nikki lọ́jọ́ ọdún Gaani. Nígbà tí Aláàfin Olúewu gbìyànjú láti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ Ìlọrin ní nǹkan bíi 1836, ọba Nikki, Siru Kpera, kó ẹlẹ́ṣin tirẹ̀ lọ ràn án lọ́wọ́, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì kú sí ogun náà. Ìdílé Ṣábẹ tó bá ní baba ẹlẹ́ṣin lè jẹ́ ìdílé tó ní ẹsẹ̀ kan ní Bọ̀rọ̀gú, orúkọ ló sì sábà máa ń tú u fó. Àwọn Ìbàrìbá máa ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe bí wọn tẹ̀ léra: Woru ni àkọ́kọ́, Sabi ni ìkejì, Bio ni ìkẹta, Boni ni ìkẹrin. Chabi tí a ń rí nínú ìwé ìjọba ni Sabi yìí. Ẹni tó bá ń wá baba tó ń jẹ́ Chabi gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kì í ṣe orúkọ ìdílé ló ń wá, ọmọkùnrin kejì ilé kan ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì ni wọ́n.

Ìhà yìí náà ni a ti gbọ́dọ̀ rántí pé kì í ṣe gbogbo ẹlẹ́ṣin ayé Faransé ló jà fún Faransé. Bio Guéra, tí ère rẹ̀ lórí ẹṣin dúró ní Kútọnu láti 2022, jẹ́ Wasangari tó kọ̀ fún ìjọba Faransé, tó sì kú lójú ìjà ní oṣù Kejìlá ọdún 1916. Bí baba ńlá ẹnìkan bá gun ẹṣin tẹ̀ lé irú ẹni bẹ́ẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò lè sí nínú ìwé àwọn ọmọ ogun. Inú ìròyìn tí àwọn alákòóso Faransé kọ nípa ọ̀tẹ̀ àti ìjìyà ni kí a ti wá a.

Ó wá ku ayé Faransé fúnra rẹ̀, níbi tí ìwé ti pọ̀ jù, tí ìdàrúdàpọ̀ náà sì ti pọ̀ jù. Àwọn ẹlẹ́ṣin Faransé ní ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ń pè ní “spahi”. Spahi wà nínú àwọn ọmọ ogun tí Ọ̀gágun Dodds kó ti Àjàṣẹ́ lọ bá Bẹ̀háńsìn ọba Dàhòmì jà ní 1892, nínú ogun tó gbóná ní Dogba ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án, tí wọ́n sì wọ Àgbómì ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá. Ṣùgbọ́n láti Senegal àti ìhà tó di Mali lónìí ni wọ́n ti ń gba àwọn spahi bẹ́ẹ̀, kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ wa. Bí ìdílé kan ní Àjàṣẹ́ bá gbọ́ pé baba àwọn bá Dodds wá, tí ó sì jẹ́ pé èdè mìíràn ló sọ wọ ìlú kó tó fẹ́ ọmọ Àjàṣẹ́, spahi lè jẹ́ ìdáhùn. Bí baba náà bá jẹ́ ọmọ Kétu tí wọ́n mú lọ sógun 1914, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé “tirailleur sénégalais” ni, ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ “sénégalais” yìí ti da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú, wọ́n á ní, “Baba wa kì í ṣe ará Senegal, ìwé yìí kì í ṣe tirẹ̀.” Ní Senegal ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1857, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ gbogbo ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà dúdú tó wọ̀ ọ́, ìbáà ṣe ọmọ Ṣábẹ, ọmọ Fọ̀n tàbí ọmọ Mọ̀sí.

Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìdílé tiwa, nítorí pé òun ló kọ́ mi láti má ṣe tètè da ọ̀rọ̀ àgbà nù. Baba ìyá àgbà mi kan ní Kétu bá ogun 1914 lọ sí ilẹ̀ Faransé, gbogbo ilé sì ń pè é ní Bàbá Ẹlẹ́ṣin. Nínú àpótí irin tí ìyá àgbà ń tọ́jú sábẹ́ ibùsùn ni fọ́tò rẹ̀ kan wà, pẹ̀lú ìwé kékeré tí Faransé ń pè ní “livret militaire”, tí kòkòrò ti jẹ igun rẹ̀. Nínú fọ́tò náà, ó dé fìlà gíga tí gbogbo wa mọ̀ sí fìlà pupa àwọn ọmọ ogun àtijọ́, àwọn ọmọ ìyá mi sì ti pinnu pé fìlà náà ni ẹ̀rí pé ẹlẹ́ṣin ni. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ náà dé fìlà yẹn. Ohun tó yẹ kí a wò ni ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ọrùn rẹ̀. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n wé mọ́ ọn láti ọrùn ẹsẹ̀ dé orúnkún, kò sì sí kẹ́sẹ́ ní gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò da agbádá ńlá aláwọ̀ pupa tí spahi máa ń dà bo èjìká. Bí mo ṣe gbé gíláàsì tí ń mú nǹkan tóbi lé kọ́là rẹ̀, mo rí àmì ìdákọ̀ró kékeré, èyí tó jẹ́ àmì àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ àmúnisìn Faransé. Kì í ṣe spahi.

Mo wá bi ìyá àgbà pé, “Ìyá, ṣé ẹ rí i kí bàbá gun ẹṣin rí?”

Ó ní, “Rárá, ọmọ mi, n kò rí i lórí ẹṣin rí. Ohun tí ìyá mi sọ fún mi ni pé ẹṣin ló bá lọ, ẹṣin ló bá bọ̀. Bó bá sùn lóru, a máa pè é lójú oorun, a ní, ‘Màgó, rọra! Màgó, rọra!’”

Àbúrò mi kan tó wà níbẹ̀, tó jẹ́ awakọ̀, gba ìwé kékeré náà lọ́wọ́ mi, ó sì ka ibi tí wọ́n kọ ipò bàbá sí: “2e canonnier conducteur”. Ó rẹ́rìn-ín ayọ̀, ó ní awakọ̀ bíi tòun ni bàbá, nítorí pé “conducteur” lónìí ni ẹni tó ń wa ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wà kí mọ́tò tó dé. Lọ́dọ̀ àwọn oníbọn àgbá, “conducteur” ni ẹni tó ń da ẹranko tó ń fa àgbá tàbí tó ń ru ẹrù rẹ̀, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n sì fi sí iṣẹ́ yìí sábà máa ń bá ìbaaka ṣiṣẹ́, ẹranko tí akọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti abo ẹṣin jọ bí. Lójú ará Kétu tó kọ́kọ́ rí i, ẹṣin ni. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ṣe jẹ́ òtítọ́ láì ku ẹyọ kan: ẹṣin ni bàbá bá lọ, ẹṣin ló bá bọ̀, kò sì gùn ún. Margot jẹ́ orúkọ obìnrin láàrin àwọn Faransé, mo sì gbà pé orúkọ tí wọ́n sọ ìbaaka rẹ̀ ni Màgó.

Ìdí tí mo fi sọ èyí ní kíkún ni pé ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé lè gbé ìdílé lọ sí ilé ìpamọ́ ìwé tí kò tọ́. Bí ẹ bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ wá nọ́ńbà “matricule”, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fún ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan, àti orúkọ ẹgbẹ́ tí wọ́n fi sí. “B.T.S.” ni bàtálíọ́nù àwọn tirailleur sénégalais, “R.T.S.” ni réjímẹ́ǹtì wọn. Kò sí èyí tó jẹ́ ẹlẹ́ṣin nínú méjèèjì.

Orúkọ tún jẹ́ igbó mìíràn. Akọ̀wé Faransé ń kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́: Òjó di Odjo, Adéṣínà di Adéchina, Ajíbádé di Adjibadé, Kétu di Kétou, Ṣábẹ di Savè. Kí ẹ tó wá orúkọ kan, ẹ kọ gbogbo ọ̀nà tí Faransé lè gbà kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ ìbí kì í sí; “né vers 1895” ni ẹ ó bá pàdé, ìyẹn ni pé akọ̀wé wo ojú ọmọkùnrin náà, ó sì fojú díwọ̀n. Ẹ má ṣe torí ọdún márùn-ún kọ ìwé kan sílẹ̀. Àwọn kan tún wà tí olóyè fi sílẹ̀ dípò ọmọ tirẹ̀, tí wọ́n sì fi orúkọ tí kì í ṣe tiwọn lọ, èyí sì jẹ́ ohun ìrora tí àwọn ìdílé kan kì í fẹ́ sọ níwájú àlejò. Bí ẹ bá rí i pé àgbà kan dákẹ́ lójijì nígbà tí ẹ bi í léèrè bí wọ́n ṣe mú baba náà lọ, ẹ fún un ní àkókò.

Ní ti ibi tí ìwé wà, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ní Ouando, ní Àjàṣẹ́, níbi tí ìwé àwọn alákòóso àtijọ́ wà. Ẹ rántí pé orúkọ agbègbè ìjọba ìgbà náà ni wọ́n fi tò wọ́n. Nígbà kan, abẹ́ Zagnanado ni Kétu wà, ẹni tó bá sì béèrè fún “ìwé Kétu” nìkan lè padà lọ́wọ́ òfo. Fún ẹni tó kú sójú ogun 1914 sí 1918, ìkànnì ìjọba Faransé tó ń jẹ́ Mémoire des hommes ní káàdì tí a lè wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì láì san owó, tó ń sọ orúkọ, ẹgbẹ́, nọ́ńbà àti ibi tó kú sí. Ẹni tó bá padà wálé láàyè kò ní sí láàrin àwọn káàdì náà, nítorí náà àìrí orúkọ níbẹ̀ kò túmọ̀ sí pé kò jagun. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ilé ìwé àwọn ọmọ ogun ní ìlú Pau, ní ilẹ̀ Faransé, ni a ń kọ lẹ́tà sí, pẹ̀lú orúkọ ní gbogbo ọ̀nà ìkọ rẹ̀, ọdún ìbí tí a fojú díwọ̀n, ìlú, àti nọ́ńbà matricule bó bá wà. Ìwé ìṣàkóso àwọn ilẹ̀ àmúnisìn wà ní Aix-en-Provence, ti gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà Faransé sì wà ní Dakar.

Àwọn tó wà lẹ́bàá ààlà gbọ́dọ̀ wo apá kejì pẹ̀lú. Ọdún 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò lórí ààlà tó gba àárín àwọn ènìyàn wa kọjá, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló sì rékọjá rẹ̀ láti lọ wá iṣẹ́ tàbí láti sá fún ìwọṣẹ́-ogun Faransé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọmọ ogun tí ń gun ẹṣin ní Àríwá Nàìjíríà. Bí baba yín bá lọ pẹ́ ní ìhà Ìlọrin tàbí Kaduna, tó sì ń sọ Haúsá nígbà tó dé, àwọn ilé ìpamọ́ ìwé ní Kaduna, Ìbàdàn àti Kew ní London ló yẹ kí ẹ wò.

Ohunkóhun tí ẹ bá rí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́, kí ọ̀rọ̀ ẹnu má baà dà pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ inú ìwé. Ẹ̀yìn fọ́tò Bàbá ni mo kọ tiwa sí pẹ̀lú pẹ́ńsù: ẹgbẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, “ojú ewé kejì ìwé rẹ̀ ló sọ ọ́”. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí ìyá àgbà létí. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní mo gbàgbé ẹṣin náà. Mo gba fọ́tò náà padà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀: “Màgó. Ìyá ló sọ ọ́, ẹnu ìyá rẹ̀ ló ti gbọ́.”